Ilé Gbígbẹ́, Ilé Mímọ: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Zaha Hadid Architects

Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni Yorùbá fi ń ya iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: à ń gbẹ́ igi, à ń mọ amọ̀, à ń da idẹ. Ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan ń yọ kúrò lára ohun tó wà nílẹ̀ ni. Ẹni tó ń mọ nǹkan ń fi kún un ni, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń da idẹ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ihò tí idẹ yíyọ́ máa wọ̀ sí kó tó lè rí ère tó fẹ́ yọ. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí Zaha Hadid Architects, ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, yà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé ilé náà dà bí ère, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé irú ère kan ṣoṣo ló wà láyé. Mo ti ń tẹ̀ lé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti wọ díẹ̀ nínú àwọn ilé náà, mo sì ti fara balẹ̀ yẹ àwòrán ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù wò. Èrò tí mo ní kò yí padà: níbi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ilé tàbí tí wọ́n dà á, tí ìrísí rẹ̀ ń ti inú wá sí òde, kò sí ẹgbẹ́ wọn, àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti mọ awọ dídán bo egungun irin, ẹwà kún ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, gbígbé inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Zaha Hadid tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Baghdad ní Ìráàkì. Ọdún 1950 ni wọ́n bí i, ìmọ̀ ìṣirò ló sì kọ́kọ́ kà ní Beirut kó tó gba London lọ láti kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé. Orúkọ rẹ̀ ti kàn kó tó rí ilé kan kọ́. Ní 1983 ó gbégbá orókè nínú ìdíje ilé ìgbafẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí òkè ní Hong Kong, ilé náà kò kúrò lórí bébà. Ní 1994 ó tún borí nínú ìdíje ilé ọ́pẹ́rà Cardiff ní Wales, àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn sì kọ̀ láti san án. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán ńláńlá tí ilẹ̀, ògiri àti òrùlé ti já ara wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń fò lójú òfuurufú, ó sì máa ń sọ gbangba pé iṣẹ́ Kazimir Malevich, oníṣẹ́ ọnà tó ń fi ọ̀dà ya igun àti àwọ̀ lásán, ló là á lójú. Àwọn kan ń pè é ní ayàwòrán orí bébà, kì í sì í ṣe láti fi yìn ín. Èmi kò ka ọdún wọ̀nyẹn sí òfò rárá. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ló jẹ́ pé iwájú ilé ni wọ́n ń yà, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá di ohun tí wọ́n kàn fi dí àlàfo. Ní tirẹ̀, àwọn àwòrán náà ló fi kọ́ láti máa wo ilé yípo, bí agbẹ́gilére ṣe máa ń yí igi lọ́wọ́ kó tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kó kọ́ parí ni ilé panápaná tí ilé-iṣẹ́ àga Vitra ní kó ṣe fún àwọn ní Weil am Rhein, ní Jámánì, lọ́dún 1993. Ògiri kọnkéré gígùn tó tẹ̀ síbí tó tẹ̀ sọ́hùn-ún ni, etí rẹ̀ mú ṣámúṣámú, ó wá dà bíi pé ilé náà fẹ́ ta kúrò lójú kan, bí ọkọ̀ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ṣe máa ń ta bí aago iná bá dún. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó kàn ń rìn kọjá lè má kíyè sí. Kò sí páànù tí wọ́n ká mọ́ etí òrùlé, kò sí férémù tó yọ gànnàkù yí gíláàsì ńlá ká, kò sí ohunkóhun tí wọ́n fi bo ibi tí ògiri àti òrùlé ti pàdé. Gbogbo ohun tí bíríkìlà àti kápẹ́ńtà fi máa ń bo àṣìṣe ara wọn ni wọ́n yọ dànù, nítorí náà àṣìṣe kò ríbi sá sí. Lóòótọ́, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kó ọkọ̀ panápaná kúrò níbẹ̀ tí wọ́n sì sọ ilé náà di ibi ìpàtẹ, àwọn alátakò kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sùn láti ìgbà náà. Mo gbà pé ẹ̀sùn náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sábẹ́ àtíbàbà kọnkéré tó ṣẹ́rí sókè níwájú ilé yẹn kò ní lè sọ pé awọ ni òun ń wò; ara ilé fúnra rẹ̀ ni.

Wolfsburg ni iṣẹ́ náà ti wá gbó. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ Volkswagen ni, ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Phaeno sì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin gan-an. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i. Wọn kò gbé ilé náà lélẹ̀ bí a ṣe ń gbé ilé lélẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá ló gbé e sókè, ẹsẹ̀ tó tóbi tó sì rí bí àrọ, tí ara rẹ̀ ń yọ́ wọ inú àjà títí tí ojú kò fi lè sọ ibi tí òpó parí sí àti ibi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ náà kì í ṣe òpó lásán o. Ihò ló wà nínú wọn, wọ́n sì ń lò ó: inú ọ̀kan lèèyàn ń gbà wọlé, inú òmíràn ni ilé ìtajà wà, gbọ̀ngàn wà nínú òmíràn. Ibi tí ayàwòrán mìíràn ìbá ti to òpó gbọọrọ ogún tàbí ọgbọ̀n, kó wá máa wá ibi tí yóò kó yàrá wọ̀nyí sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ òpó àti yàrá di ohun kan náà. Ìyẹn ni mo ń pè ní ilé dídà.

Dídà náà kì í ṣe àfiwé ẹnu lásán. Bí wọ́n bá da kọnkéré sáàárín pákó, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n bọ inú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí kọnkéré sì lè rìn dé ìdí gbogbo irin tó wà níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò á kù sínú ògiri. Ògiri tó dúró ṣánṣán rọrùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ Phaeno dà gẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀, ó sì kún fún irin débi pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ti ẹ̀rọ náà dé gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọnkéré mìíràn ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n pò kó lè ṣàn fúnra rẹ̀ kó sì jókòó fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ̀n ọ́n. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ náà, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di dídán. Ó tutù, ó jọ̀lọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ojú ibi tí pákó kan ti fẹnu ko ìkejì rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gun òkè lọ, tó tẹ̀ bí ẹsẹ̀ náà ṣe tẹ̀. Àmì yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ilé náà. Ó ń sọ fún ẹni tó ń wò ó pé kápẹ́ńtà kan ti kọ́kọ́ fi igi ṣe ẹsẹ̀ yìí ní òdì, kí wọ́n tó wá fi kọnkéré ṣe é.

Ẹ̀bùn kejì tí Phaeno ní ni abẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ilé wà lókè, ìlú ń gba ìsàlẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dìde ó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin bọ̀ sì ń gba ibẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ láìsan kọ́bọ̀. Ilé tí gbogbo ìlú jọ ni ni mo fi wò ó, kódà fún ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti wọlé láéláé. Inú rẹ̀ lókè wá dà bí ilẹ̀ olókè wẹ́wẹ́, kò sí ọ̀nà kan tí wọ́n fi dandan lé pé kéèyàn tọ̀. Àwọn ọmọdé kò bìkítà nípa ìyẹn. Àwọn àgbà ló máa ń dúró tí wọ́n á máa wo ọ̀tún wo òsì.

Rome ni wọ́n ti wá lo ọgbọ́n kan náà fún iṣẹ́ ọnà. MAXXI ni orúkọ ilé ìpàtẹ náà, iṣẹ́ ọnà òde òní ni wọ́n ń pàtẹ síbẹ̀, bárékè ológun ló sì wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣe ìdíje rẹ̀, 2010 ni wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn, ó sì gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn tó ga jù fún ayàwòrán ilé ní Bìrìtìkó, lọ́dún yẹn kan náà. Láti ojú títì, ilé náà kò ṣe fújà. Ó rẹlẹ̀, ó fi ògiri funfun àtijọ́ bo apá kan ara rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ lè rìn kọjá. Inú ni nǹkan wà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ ro odò kan tó ya sí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí àwọn ẹ̀ka náà ń fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lọ, tí ọ̀kan ń gorí èkejì kọjá, tí wọ́n tún pàdé lọ́nà iwájú. Ògiri kọnkéré tó tẹ̀ ni bèbè odò náà, yàrá ìpàtẹ ni omi rẹ̀. Òrùlé wá tẹ̀ lé ìṣàn náà gẹ́lẹ́: egungun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sókè láti òpin dé òpin, wọ́n fi gíláàsì bò ó, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ń gba àárín wọn wálẹ̀ láì jẹ́ kí oòrùn kan ohun tó wà lára ògiri tààrà. Nítorí náà, bí mo ṣe ń rìn, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ọfà júwe ọ̀nà fún mi. Mo kàn ń gbé ojú sókè ni, àwọn egungun òrùlé á sì fi ọ̀nà hàn mí. Egungun náà ń gbé òrùlé, ó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó tún ń júwe ọ̀nà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni nǹkan kan ṣoṣo ń ṣe, ojú kò sì rí ìnira kankan lára rẹ̀.

Àwọn àtẹ̀gùn dúdú tó wà ní gbọ̀ngàn ìwọlé yẹ fún ìpínrọ̀ tirẹ̀. Irin ni wọ́n, wọ́n so rọ̀ lójú òfuurufú láàárín ògiri eérú, wọ́n ń gba orí ara wọn kọjá, iná funfun sì wà lábẹ́ wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, èyí tó mú kó dà bíi pé ẹnì kan fi yíǹkì fa ìlà tó nípọn lójú bébà, tó sì fi fúnfun tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń gòkè, mò ń rí orí àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn yẹn náà sì ń rí ìsàlẹ̀ bàtà mi. Obìnrin kan tó wà níwájú mi di ọwọ́ mú irin ẹ̀gbẹ́, ó dúró, ó wo ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń gòkè lọ. Mi ò rò pé ẹ̀rín yẹn ṣẹlẹ̀ nípa èèṣì. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó wá wo ère mọ̀ pé òun náà wà nínú ère kan.

Mo ní láti sọ apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Ògiri tó tẹ̀ kì í gba àwòrán pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá gbé àwòrán kékeré kan kọ́ sí MAXXI, ilé náà á gbé e mì. Àfi kí àwọn olùtọ́jú ilé ìpàtẹ náà fi pátákó mọ ògiri títọ́ sí iwájú ògiri tó tẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ń bo ilé kí ẹ tó lè lò ó. Ní òkè pátápátá, ilẹ̀ yàrá ìkẹyìn dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìdí fèrèsé ńlá kan tó yọ jáde sójú ìta gbangba ìsàlẹ̀. Ẹwà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú iṣẹ́ kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rán an létí pé ilẹ̀ ń dà á lọ síwájú. Àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń tò sílẹ̀, tí ènìyàn ń rìn yí ká, ni ilé náà gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń gbé irú iṣẹ́ yìí fún wọn ti mọ ohun tó fẹ́ pàtẹ kó tó fọwọ́ síwèé.

Ilé ìpàtẹ Cincinnati ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 2003, ṣáájú èyí. Ohun kan péré ni mo fẹ́ mú níbẹ̀: ilẹ̀ tó wá láti ojú títì, tó wọ inú gbọ̀ngàn ìwọlé, tó sì tẹ̀ gòkè ní ẹ̀yìn di ògiri. Ọ̀nà tí wọ́n padà lò ní ibi púpọ̀ nìyẹn. Ní 2004 Hadid di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn ayàwòrán ilé tó lókìkí jù lágbàáyé, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti gbogbo àgbáyé.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ náà ti ń yí padà láti gbígbẹ́ sí mímọ. Kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìrísí tó ń yípo, tí kò ní igun kankan, tí ẹnì kan kò lè fi rúlà yà, kọ̀ǹpútà á ṣírò rẹ̀, á gé e sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, á sì fi ègé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí yóò ṣe é. Patrik Schumacher, tó ti wà pẹ̀lú Hadid láti 1988 tó sì ń darí ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2016, fún ọ̀nà yìí lórúkọ, ó pè é ní Parametricism, ó sì ń jà fún un bí ẹni ń jà fún ẹ̀sìn. Ní Seoul, wọ́n fi ìwé alumíníọ̀mù 45,133 bo Dongdaemun Design Plaza, ilé ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2014, títẹ̀ àti ìwọ̀n wọn sì yàtọ̀ síra. Àwòṣífìlà ni iṣẹ́ yẹn, mi ò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi ara mi pé kí ni alumíníọ̀mù náà ń gbé, ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò gbé nǹkan kan. Ó fi irin pamọ́ ni.

Ilé àṣà Heydar Aliyev ní Baku, lórílẹ̀-èdè Azerbaijan, ni gbogbo ènìyàn máa ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. 2012 ni wọ́n ṣí i, Design Museum ní London sì fún un ní ẹ̀bùn tó ga jù ní 2014, láàárín àríwísí púpọ̀ nípa àwọn tí ìjọba ibẹ̀ lé kúrò nílé wọn nígbà tí wọ́n ń tún ìlú náà kọ́. Ojú ilẹ̀ ìta gbangba ló dìde, tó ká bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé, tó di ògiri, tó tún tẹ̀ di òrùlé láìsí ibi tí èèyàn lè fi ìka tọ́ka sí pé ibí ni ọ̀kan parí sí. Mo gbà pé lójú ìmọ̀ iṣẹ́, kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ẹ wo àwòrán tó gé ilé náà láàárín. Àgbékà irin ló wà lábẹ́ awọ funfun yẹn, àlàfo ńlá wà láàárín awọ náà àti àwọn yàrá tí ènìyàn ń lò, àwọn yàrá náà fúnra wọn sì jẹ́ yàrá bíi ti ibòmíràn, àyàfi gbọ̀ngàn ìjókòó tí wọ́n fi igi dá lára láti òkè délẹ̀. Ní Wolfsburg, bí ẹ bá gé ẹsẹ̀ kan, ilé á wó. Ní Baku, bí ẹ bá ṣí awọ yẹn kúrò, ilé kan ṣì máa wà nílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Awọ funfun náà sì ní òwò tirẹ̀: eruku àti òjò á máa fa ìlà sí i lára, ẹni tó ni ilé á sì máa gbé àkàbà àti kànìnkànìn títí ayé.

Kò tọ́ kí n fi ẹnu kan náà bú gbogbo ilé tí wọ́n mọ lẹ́yìn 2004. Gbọ̀ngàn ọ́pẹ́rà Guangzhou ní Ṣáínà, tí wọ́n ṣí ní 2010, jọ òkúta méjì tí odò ti fọ̀ dán lójú wọn. Òde rẹ̀ kò wú mi lórí, nítorí pé òkúta pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta ni wọ́n fi bo ìrísí tó yẹ kó yípo, oríkèé wọn sì ń hàn gbangba. Inú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ tó gba 1,800 ènìyàn ni ẹ wò. Apá òsì àti apá ọ̀tún kò bára mu, bálíkónì ń rọ̀ wálẹ̀ bí oyin tó ń kán, gbogbo wíwọ́ yẹn sì wà nítorí ohùn: àwọn onímọ̀ ìró bá wọn ṣe é kí ohùn akọrin lè lu ẹ̀gbẹ́ ògiri kó tó dé etí ẹni tó jókòó. Níbẹ̀, mímọ tí wọ́n mọ ògiri ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bákan náà ni pápákọ̀ òfuurufú Daxing ní Beijing, tí wọ́n ṣí ní 2019 lẹ́yìn ikú Hadid. Apá márùn-ún ló nà láti àárín gbọ̀ngàn kan ṣoṣo kí ìrìn èrò lè kúrú, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó jìnnà jù kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 8 lọ. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe ń rìn ló fún ilé ní ìrísí.

Ní ti owó àti ìfarabalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn gbọ́dọ̀ ní àyà. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n owó àáké náà yẹ kó wà lápò. Ilé ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ́ ní London fún ìdíje Òlíḿpíìkì 2012 ní òrùlé kan tó rí bí ìgbì omi, gígùn rẹ̀ tó mítà 160, ibi mẹ́ta péré ló sì fi tẹlẹ̀. Owó tó gbà fi ìlọ́po mẹ́ta ju ìṣirò àkọ́kọ́ lọ. Nígbà ìdíje, wọ́n fi ìyẹ́ méjì ìgbà díẹ̀ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìjókòó lè tó 17,500, èyí tí ojú mi kò gbà, torí ó dà bí ẹni tó fi àpótí ìṣáná méjì há ẹyẹ lápá. Nítorí pé òrùlé náà rọ̀ wálẹ̀ láàárín, àwọn kan tó jókòó lókè pátápátá kò rí ẹni tó dúró lórí pákó mítà 10 kó tó fò. Ilé-iṣẹ́ náà dáhùn pé ohun tí àwọn tó gbé iṣẹ́ fún àwọn béèrè ni àwọn ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀; síbẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wo ìdíje. Lẹ́yìn Òlíḿpíìkì ni wọ́n tó yọ ìyẹ́ náà, wọ́n fi gíláàsì dí ẹ̀gbẹ́, ilé náà sì wá di ohun tó yẹ kó jẹ́ láti ilẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, àwọn ará àdúgbò ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìgbì igi yẹn, àwọn pákó ìfòsómi tí wọ́n fi kọnkéré dà sì nà ahọ́n wọn sórí omi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni ère tó dára jù nínú ilé náà, àwọn ahọ́n wọ̀nyẹn ni màá tọ́ka sí, kì í ṣe òrùlé.

Ọ̀rọ̀ Tokyo burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2012 wọ́n borí nínú ìdíje pápá ìṣeré ńlá ti Japan. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un jẹ́ bílíọ̀nù 130 yen, nígbà tó fi máa di 2015 ìṣirò ti dé bílíọ̀nù 252, ìjọba sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní kì í ṣe ìrísí ló fà á, pé bí wọ́n ṣe yan àwọn agbaṣẹ́ṣe láìsí ìdíje láàárín wọn ló gbé owó ga. Mo gbà wọ́n gbọ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ilé tí ìrísí rẹ̀ le débi pé àwọn díẹ̀ ló lè kọ́ ọ kò lè ṣàì sọ àwọn díẹ̀ náà di ọba lórí owó.

Lójú tèmi, iṣẹ́ kékeré kan ló tún dá orúkọ wọn padà síbi tó wà. Lórí òkè Kronplatz ní àríwá Ítálì, ní mítà 2,275 sókè, wọ́n ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan fún Reinhold Messner, ọ̀gbẹ́ni tó lókìkí nínú gígun òkè. 2015 ni wọ́n ṣí Messner Mountain Museum Corones. Wọ́n wa inú òkè, wọ́n fi ilé sínú rẹ̀, wọ́n sì da ilẹ̀ padà bò ó. Ẹnu kọnkéré díẹ̀ ló kàn yọ síta bí òkúta tó ń wo ayé. Ẹni tó wọlé máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn òkè náà, láàárín ohun tí àwọn tó ń gun òkè lò, ó sì máa jáde ní òdìkejì sórí bálíkónì tó yọ sójú afẹ́fẹ́, tí gbogbo orí òkè Alps wà níwájú rẹ̀. Kò sí awọ níbẹ̀, nítorí pé òde ilé náà kò ju koríko lọ. Gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan péré lẹ ní láti fi wo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí, tí ẹ sì wà nítòsí Berlin, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Wolfsburg, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ẹ má tètè san owó ìwọlé. Ẹ kọ́kọ́ rìn gba abẹ́ ilé náà lọ sí òdìkejì, kí ẹ sì padà gba ibòmíràn láàárín àwọn ẹsẹ̀ náà. Ẹ wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lára kọnkéré, kí ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sókè dé ibi tí ọwọ́ yín bá mọ.